Òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ọmọ: bí a ṣe ṣe ìdíje bàálù inú kọ̀ǹpútà láti Kánò dé Ìbàdàn

Láti ìgbà tí ìdíje bàálù inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ wa ṣe ti parí, fóònù mi kò sinmi. Àwọn kan ní Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná fẹ́ ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu má baà máa rẹ̀ mí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní flight simulator. Bí ẹ bá jókòó síwájú rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí awakọ̀ bàálù ń rí: aago tó ń sọ bí ẹ ṣe ga tó, èyí tó ń sọ bí ẹ ṣe ń sáré tó, ilẹ̀, odò àti òkè lábẹ́ yín. Kì í ṣe géèmù ìbọn o. Bí ẹ bá fa imú bàálù sókè jù, agbára á tán nínú ìyẹ́ rẹ̀, á sì já wálẹ̀ bíi ti gidi. Oríṣi kan wà nínú fífò yìí tí wọ́n ń pè ní bush flying. Bàálù kékeré ni wọ́n fi ń lọ síbi tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Alaska àti Papua New Guinea. Ojú, máàpù àti kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ orí koríko lásán ni wọ́n á bà sí. Èyí làwọn ọmọ wa fẹ́ràn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fò láti Kánò dé Ìbàdàn, ká wo ẹni tó máa yára jù.

Ẹ lè ní kí ló kan oníṣòwò ẹ̀wà nínú ọ̀rọ̀ bàálù. Nínú ẹgbẹ́ wa níbí, àwọn ọ̀dọ́ ló mọ kọ̀ǹpútà, àwa àgbà la mọ ìjà. Wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ ìdíje nítorí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọn ẹ̀wà àti ọkà fún èèyàn ní Dáwánáù. N kò mọ bàálù wà, àmọ́ mo mọ òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ń nája níbí mọ̀ pé mudu méjì lè jọra lójú kí wọ́n má jọra nínú. Wọ́n á fi òòlù tẹ ìdí ọ̀kan wọlé díẹ̀, oníbàárà á sanwó ẹ̀kún, á gbé àbùkù relé. Ìdíje náà lè rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ lè gbéra láti ojú kan náà, kí ìdí mudu ẹlòmíràn sì ti wọlé kó tó gbéra. Àwa tí a sì ń gbé ìlú onílùú, a mọ bó ṣe ń dun èèyàn tí wọ́n bá pààrọ̀ òṣùwọ̀n nígbà tó kàn án. Èmi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ àwa òbí wọn.

Ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Microsoft Flight Simulator rẹwà lójú, àmọ́ kọ̀ǹpútà olówó ńlá àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í dákẹ́ ló ń fẹ́. X-Plane náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣàlàyé fún wa. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra jù, tí àwòrán tó ń yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò bá tó nǹkan bí ogún, X-Plane á jẹ́ kí àkókò inú ara rẹ̀ falẹ̀ kí ìṣirò fífò náà má baà dàrú. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ohun tó jẹ́ wákàtí kan nínú bàálù lè gba wákàtí kan àti ìdámẹ́rin lórí aago ògiri. Tí a bá wá fi aago ògiri dájọ́, ọmọ tó ń lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti pàdánù kó tó tan ẹ́ńjìnnì. Ṣé ẹ rí ìdí mudu tó wọlé yẹn? Ojú lásán kò lè rí i.

A mú FlightGear. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé ló ń ṣe é láti ọdún 1997, kò sì sí òbí tó máa ní owó kò jẹ́ kí ọmọ òun forúkọ sílẹ̀.

Àwọn kan ní kí oníkálùkù fò nílé ẹ̀. A ò gbà. Ilé kan ní sólà àti joystick, ilé kejì ń fi kíbọ́ọ̀dù fò, iná sì lè lọ nígbàkígbà. Alhaji wa kan, ẹni tí Ọlọ́run bù kún, yá wa ní láptọ́ọ̀pù mẹ́rin tó jẹ́ irú kan náà. Òun náà ló ra joystick mẹ́rin, tó sì fi ẹ̀bùn sílẹ̀: láptọ́ọ̀pù tuntun kan àti 50,000 náírà. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ la gbé gbogbo ẹ̀ sí. Ọmọ méjìlá ló forúkọ sílẹ̀, ọkùnrin mẹ́jọ, obìnrin mẹ́rin. A ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò fò ní ìsọ̀rí kìíní, kejì àti kẹta, a sì tún ṣẹ́ kèké lórí ẹni tí yóò jókòó sídìí èwo nínú láptọ́ọ̀pù mẹ́rin náà.

Bàálù kan náà ni gbogbo wọn lò, Cessna 172, kékeré tó ń gbé èèyàn mẹ́rin. Ìwọ̀n epo kan náà ni kálukú fi gbéra, ẹrù inú bàálù sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà, torí bàálù tó fúyẹ́ máa ń tètè gòkè. FlightGear lè gba ojú ọjọ́ òní gan-an láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ a pa ìyẹn. Ẹni tó fò láàárọ̀ lè bá atẹ́gùn tó ń tì í lẹ́yìn pàdé, kí ẹni tó fò ní ìrọ̀lẹ́ bá èyí tó ń dojú kọ ọ́. A fi ọwọ́ ara wa tò ó: atẹ́gùn ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, 10 knots, kí ojú má sì ríran kọjá kìlómítà 8. Ọyẹ́ kan náà ló fẹ́ fún gbogbo wọn.

Ọ̀nà wá ńkọ́? Láti Kánò lọ sí Sáríà, bíi kìlómítà 137. Pápá Sáríà yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù gidi láti 1964. Láti Sáríà sí Kàdúná, 63. Kàdúná sí Mìnà, 150. Mìnà sí Ìlọrin, 254. Ìlọrin sí Ìbàdàn, 133. Gbogbo ẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 730. Àwa àgbà la mú ọ̀nà yìí, ẹ ó sì mọ ìdí ẹ̀. Ojú ọ̀nà reluwé ni. Òun ló gbé àwọn bàbá wa láti Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá síbí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí bí ilé ṣe jìnnà tó, kódà kó jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà.

A fi ohun kan kún un kí ó lè jẹ́ bush flying lóòótọ́. Láàárín Ìlọrin sí Ìbàdàn, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bà sí ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí pápákọ̀ níbẹ̀ nínú ètò náà. Kí kálukú wá ilẹ̀ títẹ́jú tí bàálù lè bà sí, tí kò ju kìlómítà 5 lọ sí àárín ìlú lórí máàpù. Ibikíbi tí táyà bá ti lè dúró láìfọ́, ó gbà á.

Ọ̀rọ̀ màgòmágó náà ní tirẹ̀. Nínú FlightGear, lẹ́tà P á dá ayé inú rẹ̀ dúró. A ńlá á mú kí àkókò yára. Ctrl àti U á gbé bàálù sókè ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé áńgẹ́lì ló fà á. Àwọn ọ̀dọ́ wa ṣí fáìlì kíbọ́ọ̀dù, wọ́n yọ iṣẹ́ àwọn bọ́tìnì yẹn kúrò. Wọ́n tún jẹ́ kí ètò náà máa kọ ibi tí bàálù wà, gíga rẹ̀ àti aago rẹ̀ sínú fáìlì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, olùṣọ́ kan jókòó lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bíírò àti ìwé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, a kò gbà á láyè. Máàpù bébà àti kọ́ńpáàsì nìkan ni.

Àwọn òfin tó kù rèé. Ní gbogbo ibi ìdúró, táyà gbọ́dọ̀ dúró pátápátá, ọmọ á sì sinmi fún ìṣẹ́jú 5 gbáko kó tó tún gbéra, kí ẹnikẹ́ni má fi eré àsápajúdé jèrè. Ẹni tó bá já lulẹ̀ á padà sí pápá tó ti gbéra kẹ́yìn, a ó sì fi ìṣẹ́jú 15 kún àkókò ẹ̀. Ẹni tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ náà á padà sí pápá tó ti gbéra kẹ́yìn, àmọ́ aago ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ padà láti ibi tó wà nígbà tó gbéra níbẹ̀, torí kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀. Ẹ fọkàn sí òfin yìí, òun ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ̀bùn méjì la ṣe. Níbi ìtàn ìdíje láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Melbourne ní Ọsirélíà, oṣù kẹwàá 1934, la ti kọ́ ọ. Oníṣòwò bíi tiwa, Macpherson Robertson tó ń ṣe súìtì, ló gbé owó kalẹ̀. Bàálù tó kọ́kọ́ dé lo nǹkan bíi wákàtí 71. Àmọ́ wọ́n ní ìsọ̀rí kejì tí wọ́n ti ń ṣírò agbára bàálù kọ̀ọ̀kan mọ́ àkókò rẹ̀, kí ọkọ̀ elérò má baà máa bá ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sáré lásán. Bàálù elérò KLM kan, Uiver, ló gba ìyẹn. Ó ṣìnà nínú ìjì lóru nítòsí ìlú Albury. Àwọn ará ìlú fi iná ìlú ṣàmì fún un, wọ́n kó mọ́tò lọ sí pápá eré ẹṣin, wọ́n tan iná mọ́tò kó lè rí ilẹ̀ bà sí. Ìtàn yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ìlú tí kò mọ̀ ọ́n rí ló tan iná fún un.

Ní tiwa, bàálù kan náà ni, nítorí náà a yí ìsọ̀rí kejì padà. Kó tó gbéra, ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ àkókò tó rò pé òun máa lò sínú ìwé, a lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí àkókò ẹ̀ bá sún mọ́ ohun tó kọ jù ló gba 50,000. Èyí fún ọmọ tí kò yára láyè, bó bá ṣáà mọ ara ẹ̀.

Nígbà tí gbogbo òfin pé, a tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé méjì, a kà á sókè ní gbọ̀ngàn ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú, òbí kọ̀ọ̀kan buwọ́ lù ú, Alhaji náà buwọ́ lù ú. Ìyá alákàrà kan tí ọmọ ẹ̀ obìnrin fẹ́ fò ní òun ò mọ̀wé, a ka tirẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀ka.

Ìsọ̀rí kìíní lọ wẹ́rẹ́. Ọmọ Alhaji wà níbẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó sì mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 34 ló lò, pẹ̀lú gbogbo ìsinmi. Kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n á lé e bá.

Ìsọ̀rí kejì ni ọmọ ìyá alákàrà wà. Láàárín Mìnà sí Ìlọrin, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba tààrà, kìlómítà 254, kí ẹ sọdá Odò Ọya níbi tó bá ti kàn. Ẹ sì lè tọ ojú irin lọ sí Jẹ́bà, kí ẹ rí afárá, kí ẹ wá yà sí Ìlọrin. Ìyẹn fi nǹkan bí ogún kìlómítà jìn ju tààrà lọ, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tààrà ló yá, àmọ́ nínú ọyẹ́, ẹ ó rí odò o, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ wà lórí ẹ̀. Ọmọbìnrin yìí gba tààrà. Ìwé olùṣọ́ sọ pé nígbà tó rí Odò Ọya, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká, ó ń wo máàpù, kò mọ̀ bóyá Pàtégí ló sún mọ́ ni àbí Jẹ́bà. Ó ti tó ìṣẹ́jú 50 tó ti gbéra ní Mìnà. Bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kú fin-ín. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbé e dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí a tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí pápá tí kálukú ti gbéra kẹ́yìn, bí òfin ṣe wí. Ọmọ ìyá alákàrà padà sí Mìnà, aago ẹ̀ náà padà. Lọ́tẹ̀ yìí kò gba tààrà mọ́. Ó tọ ojú irin, ó dé Jẹ́bà, ó yà sí Ìlọrin láìṣìnà. Ó bà sórí koríko nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹyẹ. Ó dé Ìbàdàn ní wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 31. Ìsọ̀rí kẹta fò tán, kò sẹ́ni tó yá tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wàhálà dé. Alhaji pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Alága, n kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Àmọ́ ọmọ yẹn ti sọnù. Jẹnẹrétọ̀ ló gbà á. Tí iná kò bá lọ, ṣé á ṣẹ́gun? Ó rí ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, tèmi rí i lẹ́ẹ̀kan." Ó ní kí wọ́n fò lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn méjì péré. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ò mọ̀ bóyá láptọ́ọ̀pù yẹn máa kúrò lọ́wọ́ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè bínú sí i. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Alhaji. Ọmọ náà ti ṣìnà lóòótọ́, ìwé olùṣọ́ tiwa fúnra wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tó fowó sílẹ̀ la ò gbọdọ̀ mú bínú, torí ọdún tó ń bọ̀.

Mo dá Alhaji lóhùn pé, "Alhaji, ẹ kú ìnáwó wa. Àwọn mẹ́rin ni iná lọ mọ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ẹnìkan. Òfin kan náà la lò fún wọn, a sì kọ ọ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó máa ṣàǹfààní fún. Ó fò fún ìṣẹ́jú 50 tí a ò kà sí i lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni a ò kà á fún un. Tí a bá yí òfin padà lónìí torí pé a ti rí èsì, a ti tẹ ìdí mudu wọlé nìyẹn, nígbà tí oníbàárà ti sanwó tán." Ó dákẹ́, inú ẹ̀ kò dùn.

Ọmọ ẹ̀ ló wá yanjú ẹ̀. Ó ti dúró lẹ́yìn wa láti ìgbà yẹn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà buwọ́ lù ú. Ká ní èmi ni iná lọ mọ́ lọ́wọ́ lókè Odò Ọya, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n gba aago mi?" Alhaji wò ó títí. Kò sọ nǹkan kan fún wa. Ó kàn lọ sídìí tábìlì, ó gbé láptọ́ọ̀pù yẹn, ó fà á lé ọmọ ìyá alákàrà lọ́wọ́ fúnra ẹ̀. Ìyá náà ń sunkún. Ẹ̀bùn kejì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan tó ṣe ipò kẹsàn-án. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 10 ló kọ sínú ìwé, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 12 ló lò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀ níbi tí ẹ wà, ohun tí mo lè sọ fún yín rèé. Ẹ kọ òfin sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá òfin ohun tí kò wù yín kó ṣẹlẹ̀: iná tó lọ, ọmọ tó já lulẹ̀, ẹ̀rọ tó kọṣẹ́. Ẹ kà á sétí gbogbo èèyàn. Kí ẹni tó fowó sílẹ̀ kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Ìsọ̀rí tó ń bọ̀, a fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀nà tó máa gbà sílẹ̀ kó tó gbéra, kí ẹni tó bá tún fò tọ ọ̀nà kan náà. Ohun tí Alhaji sọ ló mú wa rò ó, a sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí a ò lè mú dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣí gbọ̀ngàn sílẹ̀ fún ìgbáradì, wákàtí mẹ́fà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé ti ń gbára dì láti ọjọ́ pípẹ́, a ò sì lè gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a ṣí gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Alhaji ní òun ò ní gba láptọ́ọ̀pù mẹ́rin yẹn padà. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ bá lè dá nǹkan sí i, ẹ bá akápò ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀.